Wákàtí Méjì àti Ogún Ìṣẹ́jú sí Èkó

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Monrovia mọ̀ pé n kì í pẹ́ dé ibikíbi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Congo Town. Ọmọ tó bá pẹ́ dé kíláàsì mi, ìta ló máa wà títí n óò fi parí. Mo tètè sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ká ní aláìbìkítà kan ló ṣẹlẹ̀ sí ni, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìyìnlọ́lá ni orúkọ mi. Bọ́ládé ọkọ mi jẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Làìbéríà, èmi náà sì tẹ̀lé e wá. Ibẹ̀ la bí Tolú ọmọ wa sí, ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún báyìí. Bàbá mi, Pa Oyèwùnmí, ń gbé ní Ìbàdàn. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka máàpù kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni n kò fi dé Ìbàdàn. Ìgbà tí a sin Mọ́mì ni mo lọ kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń pe Dádì lórí fóònù, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì ń bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, àmọ́ n kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fà yọ. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé n kò jìnnà. Láti Robertsfield, ìyẹn pápákọ̀ òfuurufú tiwa níbí, dé ti Ìkẹjà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ kìlómítà ó lé mẹ́tàlá ni, wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ òfuurufú sì fi ń fò ó. Tí wọ́n bá ní kí n sọ ọ́ ní máìlì, n óò ní ẹgbẹ̀rún máìlì ó dín ọgọ́ta. Mo tilẹ̀ ti sọ fún wọn pé tí èèyàn bá fi rúlà fa ìlà láti ọ̀dọ̀ mi lọ sí ìlà-oòrùn, tí kò yà sápá òkè tàbí ìsàlẹ̀, Èkó ló máa já sí tán. Inú wọn máa ń dùn sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n óò wá wá ìdí kan tí n kò fi ní lè wá lọ́dún náà: ìdánwò àwọn ọmọ, kòrónà, oyún, ọmú Tolú, owó tíkẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ìdí gan-an.

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, Yẹ́misí àbúrò mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ Dádì, pè mí. Ó ní dókítà rí kókó kan nínú ìfun wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Dókítà tó mọ iṣẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá sí ọsibítù yẹn, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ló sì dá. Tí wọn kò bá ṣe é, ó ní kí a má retí ju oṣù mẹ́ta lọ. Ọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé Dádì kọ̀, wọn kò fọwọ́ síwèé. Yẹ́misí bẹ̀ wọ́n, pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì tó ṣẹ́kù láyé náà bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó kàn mí, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tèmi lórí fóònù, wọ́n sì jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ tán.

“Ṣé wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú lo sọ?” ni wọ́n wí. “Wá jókòó tì mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n óò sì fọwọ́ sí i lójú rẹ. Tí o kò bá wá, kí wọ́n fi inú mi sílẹ̀ bó ṣe wà.”

Àwa ọmọ wọn mọ̀ wọ́n. Tí Dádì bá ti ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọkọ̀ tó ń lọ tààrà sí Èkó kì í gbéra lójoojúmọ́. Ẹni tí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá já sílẹ̀, ó di ọjọ́ Ẹtì. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tèmi máa gbéra, wọ́n sì máa ń ti ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní wákàtí kan ṣáájú ìyẹn. Mo bá awakọ̀ takisí kan tó sábà máa ń gbé wa, Mísítà Flomo, ṣàdéhùn pé kó wá gbé mi ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ibi tí a ń gbé sí Robertsfield tó àádọ́ta kìlómítà, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì ṣeé fọkàn tán.

Ó kù kí n sọ ti aago ilé wa. Làìbéríà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Nàìjíríà. Nígbà tó jẹ́ òwúrọ̀ aago mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, aago méje ti lù n’Íbàdàn. Láti ọjọ́ tí a ti dé, aago Nàìjíríà la gbé kọ́ ògiri pálọ̀, kí a lè mọ ìgbà tó yẹ ká pe àwọn ará ilé, kí a sì lè bá olú-ìjọ wa l’Ékòó gbàdúrà òwúrọ̀ pọ̀ lórí fóònù. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ṣe ń ṣe nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ẹ bá béèrè pé kí ni aago wí, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé, “Tilé ni àbí tibí?” Tolú pàápàá mọ̀ pé tí ògiri bá ní méje, mẹ́fà ni. A kì í rò ó mọ́, ojú á ka aago, ọkàn á yọ ọ̀kan kúrò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, Bọ́ládé ti jáde kí n tó jí. Nǹkan kan bàjẹ́ níbi iṣẹ́ wọn ní Bushrod Island, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é. Ó gbé Tolú lọ́wọ́ kan náà, ó gbé e sọ́dọ̀ Deborah, ọ̀rẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí n óò fi dé. Mo ti pa fóònù mi, mo fi í sí ṣájì nínú yàrá. Ìdí tí mo fi pa á ni pé tó bá wà ní títàn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò ní yéé pè láti sọ ohun tí n óò bá wọn rà bọ̀ láti Nàìjíríà. Òjò ń rọ̀. Òjò oṣù keje Monrovia kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìyàtọ̀ láàárín òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ṣú bákan náà. Mo wo ògiri, aago méje ni. Mo yọ ọ̀kan kúrò, ó di mẹ́fà. Mo ní ọ̀rọ̀ ti dára, àyè wà fún mi láti se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún Bọ́ládé, ẹni tó jẹ́ pé tí n kò bá sí nílé, búrẹ́dì ló máa jẹ títí n óò fi padà.

Mo ń din ẹran lọ́wọ́ nígbà tí Mísítà Flomo fọn fèrè lẹ́nu géètì. Mo yọjú wo aago, mẹ́jọ ààbọ̀ ni, ìyẹn ni pé méje ààbọ̀ ni. Inú bí mi díẹ̀. Mo sọ fún un pé ó fi wákàtí kan yá jù, kó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní mẹ́jọ ààbọ̀ ni a jọ sọ, mẹ́jọ ààbọ̀ náà ló sì lù yìí. Mo nawọ́ sí aago láti ẹnu ọ̀nà, mo ṣàlàyé fún un pé ti Nàìjíríà nìyẹn, kó yọ ọ̀kan. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó fi hàn mí. Mẹ́jọ ààbọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Mo bi í níbi tó ti ra fóònù náà. Ó ní ọjà Waterside ni. Mo bi í pé ta ló tà á fún un. Ó ní ọmọ Nàìjíríà kan. Mo ní ṣé ó ti rí i báyìí, aago Nàìjíríà ló gbé sí i lára kó tó tà á. Mísítà Flomo wo fóònù, ó wò mí, ó họ orí. Ọmọ rẹ̀ kan wà ní kíláàsì mi, kò sì fẹ́ bá tíṣà ọmọ rẹ̀ jiyàn. Ó padà sínú ọkọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ló tún wá kan ilẹ̀kùn, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Teacher, time going-o.” Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo dá a padà. Nígbà kejì, mo sọ fún un pé jọ́gíráfì ni iṣẹ́ mi, pé èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí ayé ṣe ń yí tí aago fi ń yàtọ̀.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ògiri sọ pé aago mẹ́wàá nígbà tí mo wọ ọkọ̀. Lọ́kàn mi, mẹ́sàn-án kò tíì lù. Òjò ti kún ojú ọ̀nà, ọkọ̀ sì ti tò títí dé ibi tí ojú mi kò ká mọ́ ní ìkóríta ELWA. Níbẹ̀ ni mo ti tan fóònù kí n lè sọ fún Yẹ́misí pé mo ti wà lọ́nà. Aago mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kọ síbẹ̀. Mo sọ ọ́ jáde pé fóònù mi náà ti mú aago Nàìjíríà.

Mísítà Flomo kò yíjú padà. Ó rọra sọ pé èyí kì í ṣe fóònù tí òun rà ní Waterside.

Mo pe Bọ́ládé. N kò kí i, mo kàn bi í pé kí ló ṣe aago pálọ̀.

“Mo dá a padà sí ti ibí lánàá,” ló wí. “Kó má baà rú ọ lójú lónìí. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ wà lọ́dọ̀ Dádì. Ìyìn, má sọ pé o ò tíì dé Robertsfield.”

Mo fẹ́ bú u, n kò rí ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀. Oore ló ṣe. Fún ọdún mọ́kànlá ni aago yẹn fi parọ́ fún wa, a sì mọ bí a ṣe ń bá irọ́ rẹ̀ gbé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó sọ òótọ́, èmi ni mo pè é lópùrọ́. Mo pa fóònù, mo sì bẹ Mísítà Flomo pé kó máa sáré. Kò sí ibi tó lè sáré gbà, àmọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀, ó kàn ń fọn fèrè kí n lè rí i pé ó ń gbìyànjú.

Aago méjìlá ku mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la dé Robertsfield. Ọmọbìnrin tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù sọ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé wọ́n ti tì í. Mo sọ ti Dádì fún un, mo sọ ti iṣẹ́ abẹ, mo tilẹ̀ sọ ti aago. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn, pé ọkọ̀ kan wà tó ń lọ sí Accra ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, n óò sun Accra, n óò sì dé Èkó ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbà á. Lẹ́yìn náà mo lọ dúró sídìí fèrèsé, mo ń wo ìrù ọkọ̀ mi lórí pápá. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá gééré ló gbéra, kò fi ìṣẹ́jú kan pẹ́.

Mo pe Yẹ́misí. Nígbà tó gbọ́, kò pariwo, ó bọ́ síta kí Dádì má baà gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ọkọ̀ òfuurufú ló bàjẹ́, pé wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n lè fi ìyẹn fọwọ́ síwèé, ó ní, torí pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parọ́ yìí. Ẹ̀mí wọn ni.” Mo ní mo gbọ́. Ó sì gbé fóònù fún wọn.

Ohùn Dádì ti rẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé mo ti wọkọ̀. Mo la ẹnu kí n sọ pé ọkọ̀ bàjẹ́. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Mo rántí gbogbo ọjọ́ Àìkú ọdún mẹ́fà, ó sì sú mi. Ara mi gan-an ló sú mi.

“Dádì, ọkọ̀ ti lọ,” ni mo wí. “Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀. Èmi ni mo pẹ́. Mo ṣi aago kà.”

Wọ́n ní kí n sọ bó ṣe jẹ́, mo sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan fóònù Mísítà Flomo àti ọmọ Nàìjíríà tó tà á fún un. Mo ń retí kí wọ́n bínú. Wọn kò bínú, wọ́n kàn ń béèrè bí ìgbà tí wọ́n bá ń yẹ iṣẹ́ ọmọṣẹ́ wò: ìgbà wo ni mo wo ògiri, ìgbà wo ni mo kúrò nílé, báwo ni ọ̀nà ṣe rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá fà á yọ.

“Ẹgbẹ̀rún máìlì ó dín ọgọ́ta,” ni Dádì wí. “Mo ti fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú igbó. Ti òní, mo gbà pé aago ni. Ti ọdún mẹ́fà ńkọ́?”

“Mọ́mì ni, Dádì. N kò lè wọ ilé yẹn kí n má bá wọn níbẹ̀.”

“Èmi ńkọ́? Inú rẹ̀ ni mò ń gbé.”

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, láàárín àwọn èèyàn pẹ̀lú ẹrù wọn. Ojú tì mí ju bí ojú ṣe lè tini lọ. Mo ti wọn ọ̀nà náà ní kìlómítà àti ní máìlì, mo ti wọ̀n ọ́n ní wákàtí àti ìṣẹ́jú, n kò sì fi ìgbà kan rò ó pé bàbá mi ló ń fojú sọ́nà níbi tó parí sí. Dádì jẹ́ kí n sunkún. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n sọ fún mi pé àwọn kò tíì ṣí yàrá Mọ́mì láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n. Ẹ̀rù ń ba Yẹ́misí, ẹ̀rù ń ba àwọn náà. Èmi ni wọ́n ń dúró dè. Wọn kò fẹ́ kí a gbé òkú tiwọn náà jáde nínú ilé náà kí ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà ní títì, wọ́n sì ti rí i pé tí wọn kò bá fi ọsibítù mú mi, n kò ní wá.

“Tí o bá gba Accra, ìgbà wo lo máa dé?”

“Ọ̀sán ọ̀la. Wọ́n á ti ṣe é tán kí n tó dé, Dádì.”

“Wọ́n á ti ṣe é tán,” ni wọ́n tún sọ, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. “Ó dára. Wàá bá mi lórí ibùsùn. Yẹ́misí, mú ìwé yẹn wá, kí o sì bá mi wá awò ojú mi.”

Wọn kò pa fóònù. Mo gbọ́ bí ìwé ṣe ń dún. Mo gbọ́ tí wọ́n ń béèrè ojú ìlà tí wọ́n máa kọ orúkọ sí, mo sì gbọ́ tí Yẹ́misí ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹkún. Mísítà Flomo, tí kò tíì lọ, ra omi wá fún mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé òun náà ti ń rò ó nínú ọkọ̀ pé bóyá fóònù òun ló ń parọ́.

Mo dé ọsibítù ní aago kan kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, aago tilé. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, ó sì yọrí sí rere. Dádì ń sùn, ẹnu wọn là díẹ̀, wọ́n ti rù ju bí fóònù ṣe fi wọ́n hàn mí lọ. Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi jí, mi ò sì wo aago kankan.

Ọjọ́ kejìlá la gbé wọn padà sílé. Wọ́n ní kí a má gbé wọn wọ yàrá wọn ná, kí a gbé àga kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá Mọ́mì fún wọn. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí ó tó yí nínú ihò rẹ̀, Dádì sì di apá mi mú títí ó fi ṣí. Eruku ni mo kọ́kọ́ rí, lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí bàtà wọn, lórí Bíbélì. A wò ó fún ìgbà díẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà mo tú gèlè mi, mo ní kí Yẹ́misí bá mi wá ìgbálẹ̀.